Ìrìn-Àjò Afẹ́ àti Ìrìn-Àjò Ìjọsìn: Láti Kétu dé Etí Odò Ọ̀ṣun

Orí ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ni ìrìn-àjò sí àwọn ibi tí ojú ń fẹ́ rí, àwọn ibi ìtàn, àti àwọn ibi tí ènìyàn ń lọ nítorí ẹ̀sìn. N kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àdúgbò wa níhìn-ín, ní Kòsọ́fẹ́, ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá jí ní ìdájí tí ó dúró sí ẹ̀bá títì Ìkòròdú ní Kétu yóò rí i pé ẹsẹ̀ ará àdúgbò yìí kì í gbé ilé. Ọkọ̀ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ń ti ilẹ̀ Haúsá wọ ọjà Mile 12. Ọkọ̀ ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó ń já ẹrù ní ọjà èso. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti wọ bọ́ọ̀sì BRT, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà yìí lọ sí Èkó ní ọdún 2008. Orúkọ Mile 12 fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrìn ni: iye máìlì ojú ọ̀nà ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Bí a bá fi ìrìn ṣe òṣùwọ̀n, ta ni yóò ju ará Kétu lọ? Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé, nígbà wo ni ẹ jáde nílé kẹ́yìn láti lọ wo nǹkan, tí kì í ṣe láti rà, tí kì í ṣe láti tà, tí kì í ṣe òkú ni ẹ fẹ́ lọ sin tàbí ìyàwó ni ẹ fẹ́ lọ gbé? Ọ̀pọ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, "Ọ̀gá, àwa tí a ń wá owó oúnjẹ, owó wo ni a ó fi lọ wo òkúta?"

Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Owó ọkọ̀ ti gbé ẹnu sókè, ojú ọ̀nà mìíràn kò dára, ẹ̀rù àwọn ajínigbé sì ń ba arìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n owó àti ẹ̀rù nìkan kọ́ ni ó ń dá wa dúró. Èrò mi ni pé a ti gbà á gbọ́ pé àṣà Òyìnbó ni kí ènìyàn dìde nílé lọ wo ibi ìtàn, àti pé nítorí èyí ni a ṣe fi ohun tí ó jẹ́ tiwa sílẹ̀ fún àlejò láti máa tọ́jú, tí àwa onílé sì ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. "Ìrìn-àjò" ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá. "Afẹ́" náà ti pẹ́; ẹni tí ó ń gbádùn ara rẹ̀ láìsí wàhálà ni a ń sọ pé ó ń gbáfẹ́. Ṣùgbọ́n pípa tí a pa méjèèjì pọ̀ tí a ń sọ pé "ìrìn-àjò afẹ́", iṣẹ́ àwa akọ̀wé ni, kí a lè ní orúkọ fún ohun tí ìjọba ti sọ di ilé-iṣẹ́ àti ọ̀nà owó. Orúkọ náà ni ó jẹ́ tuntun. Ohun tí a fi ń pè kì í ṣe tuntun. Kí mọ́tò tó dé ni àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Òṣogbo lọ́dọọdún. Àwọn babaláwo ń ti ọ̀nà jíjìn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ọba Mansa Musa ti ilẹ̀ Mali la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Mẹ́kà ní 1324, ìròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ sì kàn dé ilẹ̀ Yúróòpù. Lóde òní ńkọ́? Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ lọ wo ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń lọ sí àgọ́ Ìràpadà fún ìsìn òru. Ọ̀pọ̀ wọn, Kétu àti Ọ̀jọ́ta ni wọ́n ti wọkọ̀. Wọn kò ní í gbà pé ìrìn-àjò afẹ́ ni àwọn ń lọ, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Síbẹ̀ wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ, wọ́n ń sùn síbẹ̀, wọ́n ń ra nǹkan, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń padà wá ròyìn fún ẹni tí kò lọ. Bí ẹ bá bi mí, n ó sọ pé ìjọsìn ni bàbá ìrìn-àjò afẹ́. Ọmọ ni ó wá gbàgbé bàbá.

Nítorí náà, Òṣogbo ni n ó dúró sí jù lọ lónìí.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé Ọba Lároòyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí odò náà nígbà tí omi wọ́n wọn ní ibi tí wọ́n wà. Bí wọ́n ti ń gé igi láti fi dó síbẹ̀, igi kan wó lu odò, ohùn kan sì ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé ibẹ̀ ní onílé. Wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú. Òun yóò dáàbò bò wọ́n, àwọn yóò máa bọ ọ́. Nígbà tí ọba sì rúbọ, ẹja jáde láti inú omi bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, orúkọ oyè ọba Òṣogbo títí di òní sì ni Àtáọ́ja, ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí: àlejò ni àwọn tí ó tẹ ìlú dó, wọ́n sì kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe igbó lásán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó tún ṣẹlẹ̀ ní àkókò àwọn bàbá wa. Nígbà tí ó fi di ọdún 1950 sókè, àwọn olùsìn ti ń dín kù, àwọn kan ń gé igi igbó náà, àwọn mìíràn sì fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tí a bí ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ní 1915, Susanne Wenger, tí ó bá ọkọ rẹ̀ Ulli Beier wá sí Nàìjíríà ní 1950, ni ó dúró ti àwọn àwòrò pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́-ọnà ọmọ ìlú. Àwa mọ̀ ọ́n sí Àdùnní Olórìṣà. Òun àti Adébísí Àkànjí tí ó ń fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà, Kàsálí Àkàngbé agbẹ́gilére, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tí ó ń gbẹ́ òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ni wọ́n tún ojúbọ kọ́, tí wọ́n sì mọ àwọn ère ńláńlá tí a ń rí níbẹ̀ lónìí. Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun, tí ó tó hẹ́kítà 75, mọ́ àwọn ibi tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Èkejì rẹ̀ ni ní Nàìjíríà, lẹ́yìn Sukur ní 1999. Àdùnní kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93, kò sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀ láti lọ sinmi.

Àwọn kan ń lọ síbẹ̀ tí wọ́n rò pé àwọn ère náà ti wà láti ìgbà Lároòyè. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ènìyàn ìgbà tiwa ni ó mọ wọ́n, ojú wọn a fà ro. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ibi ìjọsìn tí a ṣì ń tún kọ́ ni ibi tí ó ṣì wà láàyè.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, oṣù kẹjọ ọdún ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí. Ẹ ó rí Ìwọ́pópó, nígbà tí wọ́n ń ro ọ̀nà. Ẹ ó rí títan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún lálẹ́. Ẹ ó rí Ìboríadé. Àti ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, ẹ ó rí Arugbá, wúńdíá tí ó ru igbá ẹbọ gbogbo ìlú láti ààfin lọ sí odò láàárín èrò tí ó ń tú yáyá. Àwọn ará Bùràsíìlì, Kúbà àti Amẹ́ríkà ń wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọlọ́tí àti ti tẹlifóònù náà ń wá, pẹ̀lú asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó ń pariwo ju àwọn onílù lọ. Èmi a máa gba ẹni tí ó bá bi mí nímọ̀ràn pé kí ó lọ ní oṣù mìíràn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò sí ọdún, nígbà tí ó jẹ́ pé ìró omi àti igbe ọ̀bọ nìkan ni yóò gbọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń dun àwọn olùwòran mìíràn nínú. Oníṣòwò kan ní Ìkòsì yóò sọ pé, "Ọmọ Ìjọ ni mí," tàbí, "Alhaja ni mí, kí ni mo ń wá nídìí òrìṣà?" Àwọn aṣojú ìjọba a máa dá wọn lóhùn pé ìgbafẹ́ lásán ni, kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. N kò fara mọ́ ìdáhùn yẹn, nítorí kì í ṣe òtítọ́. Ìbọ̀rìṣà ni. Àwọn tí ó kúnlẹ̀ sí etí odò náà kì í ṣe eré. Bí a bá sọ pé eré ni wọ́n ń ṣe kí Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí lè fi ọkàn balẹ̀ lọ wò wọ́n, àbùkù ni a fi kan àwọn tí ó ni ibẹ̀. Ìdáhùn tèmi ni pé ìwòran kì í ṣe ìjọsìn. Ẹni tí ó bá wọ mọ́ṣáláṣí tí ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì di Mùsùlùmí. Ọmọlúàbí ni ó jẹ́. Ẹ lọ, ẹ wò, ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má wọ ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ̀, ẹ má sì fi ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ yín.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe àríyànjiyàn ẹ̀sìn. Omi náà ni. Láti nǹkan bí ọdún 2021 ni odò Ọ̀ṣun ti ń ṣàn ní àwọ̀ ẹrẹ̀, nítorí àwọn tí ó ń wa góòlù lọ́nà àìtọ́ ní apá òkè odò náà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Omi yìí ni àwọn olùsìn ń bù mu, tí wọ́n ń fi wẹ ọmọ, tí wọ́n ń rọ sínú kẹ́ẹ̀gì gbé lọ sílé fún àwọn tí kò lè wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ ro èyí wò dáadáa. A kọ́ odi yí igbó ká, gbogbo ayé fi ọwọ́ sí ìwé pé ogún wọn ni, a ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo rẹ̀ tìtorí rẹ̀ wà, èyíinì ni omi, ti bàjẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Òfin tí ó dáàbò bo igbó kò gun òkè odò lọ. Odò náà kò sì dúró sí Òṣogbo: ó ń ṣàn wọ ọ̀sà Lẹ́kì níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ yára lórí àwọn ibòmíràn. Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600. Orí òkè yẹn ni ìlú wà kí àwọn ènìyàn tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin àtijọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le, kí ó wò ó láti ìsàlẹ̀. Ní Òkè-Ẹ̀rí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń lọ sí ibojì Bìlìkísù Sùngbọ́, ẹni tí ìtàn sọ pé òun ni ó ni yàrà Ẹ̀rẹ̀dó tí ó gùn ju kìlómítà 160 lọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Àwọn kan ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì. Ṣùgbọ́n ìgbà Sólómọ́nì àti ìgbà tí a wa yàrà náà jìnnà síra ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Yàrà náà tó ohun ìyanu fúnra rẹ̀. Kò nílò Sólómọ́nì.

Àgbádárìgì ṣòro láti yára kọjá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀. 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń lọ wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de ẹrú, wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí àwọn ẹrú ti rìn lórí iyanrìn lọ pàdé òkun. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ rántí ọmọ kan tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, tí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, tí wọ́n sì gbé lọ sí Freetown. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ní 1845 ó padà gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó ti di àlùfáà, Samuel Ajayi Crowther. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kí ó tó wọ ilé náà, ohun tí yóò rí yóò ju pákó àtẹ̀gùn lọ.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ èdè. Ní ibì kan tí n kò ní í dárúkọ, mo bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan pàdé, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Afinimọ̀nà, ọmọ Yorùbá, ń ka ìtàn fún wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ọmọbìnrin kan béèrè ní Yorùbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìtumọ̀ orúkọ ibí yìí?" Afinimọ̀nà dá a lóhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó dúró de ìparí. Ìparí dé, kò sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ orúkọ ni ìtàn wà nínú rẹ̀! Ẹni tí ó gbọ́ "Àtáọ́ja" tí kò gbọ́ ẹja nínú rẹ̀, kí ni ó gbọ́? Mo bẹ àwọn olùkọ́ ní Kétu àti Ìkòsì pé, bí wọ́n bá ń kó ọmọ lọ, kí wọ́n sọ fún afinimọ̀nà kí wọ́n tó wọlé pé Yorùbá ni àwọn fẹ́ gbọ́.

Ó ku odò kan. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ó bá gun òkè Olúmọ, ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n dó síbẹ̀ ní 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, yóò rí odò Ògùn nísàlẹ̀. Ó ń ti apá Ṣakí bọ̀. Bí ó bá kúrò ní Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń bọ̀: ó ń gba ẹ̀yìn Mile 12 àti Kétu kọjá kí ó tó wọ ọ̀sà. Ẹ̀yin ará Kòsọ́fẹ́ mọ̀ ọ́n, àní nígbà tí inú bá bí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí omi pọ̀ jù tí wọ́n sì ṣí ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, ilé àti ọ̀nà kún fún omi láti Ajégúnlẹ̀ títí dé Mile 12, ọkọ̀ ojú omi sì di ohun tí a ń wọ̀ lọ sí iyàrá.

Odò Yemọja ni odò Ògùn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, ní ìlú Salvador ní Bùràsíìlì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà wá sí etí òkun fún Yemọja, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ojú agbami. Àwọn àlejò ń ti gbogbo ayé wá wò wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn ni a kó kúrò níhìn-ín; wọn kò ní odò náà lọ́dọ̀ wọn, òkun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwa ni odò náà ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, ike àti tòmátì jíjẹrà ni a sì ń gbé fún un.

Olóòtú béèrè lọ́wọ́ mi kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé, ibo ni ẹni tí kò lówó lè lọ. Mo ní kí ó lọ sí Àgbóyì. Láti Kétu ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, a sì lè lọ kí a bọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Kí ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó kí àwọn àgbààgbà ibẹ̀, kí ó sì béèrè ìtàn ìlú náà lọ́wọ́ wọn ní èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Mo rí i pé ẹlẹgbẹ́ mi tí ó jókòó sí ọ̀tún ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ìbọ̀rìṣà. Mo fẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀ báyìí.